Ìlà Tí Kò Mọ̀ Pé Òjò Rọ̀

Ní ọdún tí bàbá mi sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta pé kí wọ́n lọ wá x nínú ilé wọn, èmi náà wà nínú kíláàsì ọ̀hún, mo jókòó ní ọ̀wọ́ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àyà mi sì ń já ju ti gbogbo ọmọ tó kù lọ. Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá mi ní ilé-ìwé gírámà kan ní Adó-Èkìtì. Bí a bá wà nílé, Bàbá ni mò ń pè é. Bí a bá dé kíláàsì, ó di Sà. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣèèṣì pè é ní Bàbá níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi, wọn a fi mí rẹ́rìn-ín títí aago á fi lù. Ilé wa kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Fájuyì. Láti ìdájí la ti ń gbọ́ àwọn tó ń pe èrò sí ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ àti Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, ṣùgbọ́n ohun tó ń jí mi gan-an ni ìgbálẹ̀ Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, tó máa ń gbá ẹ̀yìnkùlé bí ẹni ń bá ilẹ̀ jà. Lẹ́yìn náà ni bàtà ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, á máa dún kó-kó-kó lórí sìmẹ́ǹtì bó ti ń múra àtilọ sí ọsibítù. Iṣẹ́ tèmi láràárọ̀ ni kí n pọn omi mímu kún ìkòkò, kí n sì nu tábìlì pálọ̀, níbi tí Bàbá ń kó ìwé rẹ̀ sí.

Orí tábìlì yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ìdáhùn gbogbo ìṣirò tó bá fẹ́ fún wa sí. Bí mo bá ń nu tábìlì, n ó ṣí i, n ó wo ìdáhùn, n ó há a sórí bí ẹni há ẹsẹ Bíbélì. Áljébrà kò yé mi. Láti kíláàsì kejì, nígbà tí lẹ́tà ti wá jókòó ti nọ́ńbà, ni ojú mi ti dàrú. Mo ń wo x lórí pátákó bí ẹni ń wo àlejò tí gbogbo ará ilé mọ̀, tí èmi nìkan kò mọ̀. Mi ò sì lè béèrè. Ta ni yóò gbọ́ pé ọmọ tíṣà ìṣirò kò mọ ìṣirò? Máàkì mi dára, àwọn olùkọ́ yòókù a máa sọ fún Bàbá pé ẹni bíni là á jọ. Bàbá á rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn púpọ̀, ó sì ń gún mi bí ẹ̀gún.

Èrò pé kí a wá x nílé kò ṣàdédé wọ Bàbá lórí. Nígbà tí èsì ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún dé, àwọn tó fìdí rẹmi nínú ìṣirò pọ̀ ju àwọn tó yege lọ, Bàbá kò sì lè jẹun dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo rántí pé a jókòó ti iyán lọ́jọ́ kan, ó wá fi òkèlè sílẹ̀ nínú abọ́, ó ní, "Kì í ṣe pé orí àwọn ọmọ wọ̀nyí kú. Èmi ni mò ń fi x hàn wọ́n bí ẹni pé láti ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ilé wo ni kò sí?" Màmá Àgbà wò ó, ó ní, "Bó bá wà ní ulé yìí, jẹun tán ná, ká tó wá a." Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó dé kíláàsì láìmú ìwé kankan dání. Ó ní kí oníkálukú wa lọ wá ohun kan nílé tí a kò mọ iye rẹ̀, tí a sì lè wádìí rẹ̀ láìtú u wò. Kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ohun tí yóò fi hàn. Kí a gbé e wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àwọn ẹgbẹ́ mi gbá a mú bí ẹni rí eré. Kò pẹ́ rárá tí pálọ̀ wa fi kún, nítorí Pírínsípà ní òun kò fẹ́ pàǹtírí ní ilé-ìwé, ilé wa ni wọ́n sì ń kó ẹrù wọn wá. Ọ̀jọ́, ọmọkùnrin kan tó máa ń sùn lẹ́yìn kíláàsì, so igbá méjì kọ́ orí igi, ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ó kó èkùrọ́ sínú àgolo mílíìkì mẹ́ta, iye kan náà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lẹ ẹnu wọn pa. Ó gbé àgolo mẹ́ta yẹn àti èkùrọ́ méjì sínú igbá kan, ó gbé àgolo òfìfo mẹ́ta àti èkùrọ́ mẹ́tàdínlógún sínú ìkejì, igbá méjèèjì sì dúró dọ́gba. "Èkùrọ́ mélòó ló wà nínú àgolo kan?" Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni Bàbá ń bi, títí kan káfíńtà tó wá tún fèrèsé ṣe. Káfíńtà náà yọ èkùrọ́ méjì kúrò ní ọ̀tún, ó yọ méjì kúrò ní òsì, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Márùn-ún." Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Bísí, tí àwọn òbí rẹ̀ ń dáko ní Igbemọ, fi ẹ̀wà to ebè oko bàbá rẹ̀ sórí pákó, ó ń fi wádìí iye ebè tí wọn yóò kọ bí oko náà bá fẹ̀ sí i. Nígbà tí èmi bá ń nu tábìlì láàárín àwọn ẹrù wọ̀nyí, n ó tún yọ́ ṣí ìwé Bàbá. Kò sí ìdáhùn èyíkéyìí nínú ìwé kékeré yẹn mọ́. Òfìfo ló wà níbẹ̀.

Ìyá mi náà kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Ní ọsibítù, níbi tó ti ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́, ó gbọ́ lẹ́nu obìnrin kan pé àwọn òbí kan ti lọ bá Pírínsípà. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ ọ́.

"Bàbá Fúnmi, wọ́n ní ẹ ti sọ kíláàsì di pápá ìṣeré. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń ṣeré èkùrọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń kàwé."

"Wọn ò purọ́. Èkùrọ́ ni wọ́n ń kà."

"Mi ò ṣe àwàdà. Wọ́n ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́, ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbé yín kúrò ní Adó ńkọ́? Ta ni yóò wà pẹ̀lú Màmá bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́?"

Bàbá tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ń fi ọ̀bẹ họ ẹ̀gbẹ́ igi òṣùwọ̀n Ọ̀jọ́ kí ó lè dọ́gba. Mo rí i pé ó ti họ ọ́ ju bó ti yẹ lọ, apá kan ti wá fúyẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkọ̀ bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ìyá mi á yọjú lójú fèrèsé.

Dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni mo mú. Ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ni, omi tí a fi ń fọṣọ, tí a fi ń fọ abọ́, inú rẹ̀ la ti ń bù ú. Bàbá ní kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá láìda omi kún un, kí n máa ki igi bọ̀ ọ́ láràárọ̀, kí n wo bí omi ti ń fà. "Bí o bá mọ bó ti ń fà, wàá mọ ọjọ́ tí yóò gbẹ láìdúró de ọjọ́ náà," báyìí ló ṣe wí. Mo fi ìka mi wọn igi náà. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, omi jẹ́ ọgọ́ta ìka. Ní ọjọ́ kejì, mẹ́tàléláàádọ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, méjìléláàádọ́ta. Mo jókòó sórí òkúta tí Màmá Àgbà fi ń lọ ata, mo ń wo nọ́ńbà mẹ́ta yìí. Méje ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọ̀kan péré. Gbogbo ìlà tí Bàbá ń fà lórí pátákó ló ń gún bí ọ̀pá. Tèmi ti wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé omi lè má lọ ní dọ́gba-dọ́gba. Ohun tí mo gbà ni pé èmi ni mo ṣì í wọ̀n, pé ojú òpè mi ti hàn sórí igi. Mo pa méje àti ọ̀kan pọ̀, mo pín in sí méjì. Mẹ́rin. Mo wọlé, mo fi mẹ́rin yọ kúrò lára ọgọ́ta títí mo fi dé ọjọ́ kẹwàá, mo kọ orúkọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀, mo mú káádíbọ́ọ̀dù funfun, mo fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú rúlà. Ó gún. Ọjọ́ kẹta péré la wà. Ọjọ́ méje tó kù kò tíì wáyé, mo sì ti kọ wọ́n tán. Mo tọ́jú káádíbọ́ọ̀dù náà sábẹ́ ẹní mi.

Nígbà tí mo gbé e jáde lọ́jọ́ tó yẹ, Bàbá mú un lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Fúnmi," ó sì lọ wá ìṣó. Ó gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, òkè gbogbo iṣẹ́ àwọn yòókù. Ó ní iṣẹ́ tèmi ni ìsípẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ rí. Láti ìgbà náà, mi ò lè jókòó ní pálọ̀ kí n kọjú sí ògiri yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ìsípẹ́kítọ̀ yóò dé ni Màmá Àgbà wọ pálọ̀ láti wá mú ìgò epo. Èmi nìkan ló bá níbẹ̀, mò ń jẹ ẹ̀bà. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó dúró níwájú káádíbọ́ọ̀dù mi, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí ni ùlà yìí ń wí?"

"Omi inú dúrọ́ọ̀mù wa ni, Màmá. Bó ti ń fà lójoojúmọ́ nìyẹn."

"Lójoojúmọ́?" Ó fi ọwọ́ tọ́ ọ lọ sí ìsàlẹ̀, bí Bàbá ti ṣe. "Ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ńkọ́, tí mo ń sáré kó ẹ̀gẹ́ mi wọlé, tí yìnyín ń ta mí lórí? Níbo ló wà níbẹ̀?"

Mo dá òkèlè padà sínú abọ́. Ọjọ́ keje ni. Gbogbo Adó ló mọ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìlà tó gún ti bò ó lójú èmi àti Bàbá. Òjò náà ká òrùlé kúrò lórí àwọn ìsọ̀ kan ní Ọjà Ọba. Dúrọ́ọ̀mù kún débi pé ó ń ṣàn sílẹ̀. Ìlà tèmi kọjá ọjọ́ náà bọ̀ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí kò gbọ́ ohunkóhun. Mo retí kí Màmá Àgbà pariwo, kí ó pòwe lé mi lórí. Ó kàn wò mí. Ó ní, "Jẹun, kó má di òkúta," ó gbé ìgò epo rẹ̀, ó jáde. Ìyẹn burú ju ìbáwí lọ. Lónìí tí mo ti dàgbà, mo máa ń rò ó pé ńṣe ló fi àyè sílẹ̀ fún mi kí n lè lọ bá bàbá mi fúnra mi. Mi ò lọ. Bàbá wà ní ìta, ó ń nu alùpùpù rẹ̀, ó ń fi imú kọrin ìjọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ó fi parí, mo ní, "Ẹ káàsán, sà," bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti ń ṣú, mo sì padà wọlé.

Ìsípẹ́kítọ̀ jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ kóòtù nínú ooru. Pírínsípà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. A ti kó gbogbo iṣẹ́ wa wá láti pálọ̀, a tò wọ́n yí kíláàsì ká. Ó fi bírò ti igbá Ọ̀jọ́, igbá náà mì, apá kan lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Ó wo ebè ẹ̀wà Bísí, ó tún kọ nǹkan. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Òógùn ti ń jáde lẹ́yìn ẹ̀wù Bàbá. Ó wá dé iwájú tèmi.

"Èyí mọ́," ó ní. "Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ ló ń wọn omi yìí lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kà á sókè: y jẹ́ ọgọ́ta, yọ mẹ́rin x kúrò. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Èyí gún ju ti inú ìwé lọ. Pírínsípà, n ó mú un lọ sí Àkúrẹ́, kí àwọn olùkọ́ ibòmíràn wá wò ó." Pírínsípà mí kanlẹ̀. Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Mo rí i pé ojú náà rọ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Bí mo bá panu mọ́, ó ti tán. Ìsípẹ́kítọ̀ ti ń ká káádíbọ́ọ̀dù náà. Orúkọ Bàbá ni mo kọ sókè rẹ̀, lẹ́bàá orúkọ kíláàsì. Mo rí gbogbo àwọn olùkọ́ Àkúrẹ́ bí wọ́n ti ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí Màmá Àgbà, tí wọ́n ń wá òjò.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ."

"Kí ló dé?"

"Òjò rọ̀ ní ọjọ́ keje." Wọn kò lóye. "Dúrọ́ọ̀mù kún. Mi ò wọ̀n ọ́n. Mo kàn kọ ọ́ ni. Irọ́ ni, sà."

A ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Pírínsípà wo Bàbá, ó wo ìsípẹ́kítọ̀, ó ní, "Ọmọ rẹ̀ ni, sà," bí ẹni pé ìyẹn tú gbogbo ọ̀rọ̀ palẹ̀. Bàbá kò wò mí. Ó gba káádíbọ́ọ̀dù náà lọ́wọ́ ìsípẹ́kítọ̀, ó tú u, ó gbé e kọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìṣó náà jábọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó wọlé. Ó mú ṣọ́ọ̀kì.

"Fúnmi, ọjọ́ mélòó lo wọ̀n ní tòótọ́?"

"Mẹ́ta, sà."

"Kí lo rí?"

Mo sọ ọ́. Ó kọ wọ́n sórí pátákó: 60, 53, 52.

"Kí ló dé tí o fi sá fún wọn?"

"Wọn ò gún, sà."

Ó fa ìlà sábẹ́ wọn, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó wá yíjú. "Ẹ̀yin tó kù, kí ló mú kí méje lọ lọ́jọ́ kan, kí ọ̀kan péré lọ lọ́jọ́ kejì?" Ẹ̀rù ń ba gbogbo wọn. Ọ̀jọ́ ló na ọwọ́ níkẹyìn. "Bóyá wọ́n fọṣọ, sà." Bísí ní, "Ọjọ́ kejì lè jẹ́ Sọ́ńdè, sà, wọn ò sí nílé." Òótọ́ ni, ọjọ́ Sátidé la fọṣọ. Ẹnì kan ní kí a fa ìlà ọjọ́ òjò sókè gẹ́ẹ́rẹ́, ẹlòmíràn ní rárá, bí dúrọ́ọ̀mù bá ti kún, kò tún lè gòkè mọ́, ìlà náà gbọ́dọ̀ dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ohùn wọn ń ga, Bàbá ń kọ, ṣọ́ọ̀kì ń kán. Èmi ṣì wà lórí ìdúró, kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó. Ìsípẹ́kítọ̀ wò wá títí aago fi lù. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó kí Bàbá, ó jáde láìmú ohunkóhun.

Wọn kò nà mí. Ìyá mi ti gbọ́ kó tó délé, ó kàn bu oúnjẹ mi fún mi, ó sì lọ jókòó sínú yàrá. Bàbá jẹun tán, ó fọwọ́, ó ní, "Láti ọ̀la, wọn omi yẹn. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ." Mo wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìlà tó jáde wọ́ bí ọ̀nà ewúrẹ́. Mo mọ ìdí gbogbo kọ́nà tó yà.

Kí táàmù tó parí ni lẹ́tà dé. Wọ́n ti gbé Bàbá lọ sí ilé-ìwé kan ní Igbemọ. Ìyá mi kà á lórí ìdúró, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó fi í sórí tábìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Kò sí ìdí kankan nínú rẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé gbà lójoojúmọ́; láti ìgbà náà, ọjọ́ Ajé ni alùpùpù Bàbá ń jáde, ọjọ́ Ẹtì ló ń padà. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ mọ́ nídìí oúnjẹ láàárín ọ̀sẹ̀. Màmá Àgbà a máa bu ẹran Bàbá sọ́tọ̀ kó tó rántí pé kò sí nílé. Nígbàkigbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Mo gbé ẹ̀bi lẹ́tà yẹn kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo di nọ́ọ̀sì bí ìyá mi, mo lọ́kọ, mo bímọ, mi ò bi Bàbá léèrè. Ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí irun rẹ̀ ti funfun pátápátá, ni mo lọ kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jókòó sí bárańdà, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá, ṣé tìtorí ìlà mi ni wọ́n fi gbé yín lọ sí Igbemọ?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ìyẹn, ó lè jẹ́ èkùrọ́ Ọ̀jọ́. Igbemọ dára, àwọn ọmọ ibẹ̀ gbọ́ ìṣirò." Ó fi etí ẹ̀wù nu awò náà. "Ìlà yẹn kọ́ ló dùn mí. Ọdún méjì lo fi jókòó níwájú mi, tí kò yé ọ, tí o kò lè sọ fún mi. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyẹn ni mo rò ní gbogbo ojú ọ̀nà Igbemọ."

Ó ní, "Ṣé ó wá yé ọ báyìí?"

"Ó yé mi, Bàbá."

Ó wo ojú mi títí. Ó wá na ọwọ́ mú bírò, ó kọ ìṣirò kan sí etí ìwé ìròyìn tó ń kà, ó tì í sọ́dọ̀ mi. "Ṣe é kí n rí i."

Èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣe ìgbésẹ̀ kìíní, mo ṣe ìkejì. Nígbà tí mo dé ìkẹta, ojú mi dàrú. Mo fẹ́ fojú wá ibi tí ìdáhùn lè wà. Mo gbé bírò sílẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "ibí yìí kò yé mi."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.